Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin Tí Bàbá Tẹ́júọlá Kò Sọ

Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù Kẹrin

Ìdánwò Wáẹ̀kì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo jí àwọn ọmọbìnrin SS3 láago márùn-ún, mo yẹ àpò wọn wò, mo sì gba fóònù kan lọ́wọ́ Purity. Ó ní ti àǹtí òun ni. Mo ní kí àǹtí wá gbà á ní oṣù Kẹfà. Ìrẹsì àti ẹyin ni wọ́n jẹ. Kíréètì ẹyin kan ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń lọ jókòó síwájú ìwé ìdánwò kò gbọdọ̀ gbé ebi lọ.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ gbọ̀ngàn tán ni Púrínsípà ránṣẹ́ pè mí. Mo bá bàbá àgbà kan ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mú. Bàbá Adémúyìwá ni, ẹ̀gbọ́n bàbá Tẹ́júọlá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ SS3 mi, láti agboolé wọn ní Ìperin, àdúgbò kan nínú ìlú yìí. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí i ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ló gbé e wá.

"Mátírọ̀nù," bàbá wí, "Kọ́lájọ àbúrò mi ò sí mọ́."

Ó ní àná ló ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìbàdàn níbi tó ti ń tún fíríìjì ṣe. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti parí. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní Àìkú tó kọjá! Ẹni tó máa ń wọkọ̀ wá láti Ìbàdàn ní gbogbo ọjọ́ àbẹ̀wò, tí yóò gbé kúlà oúnjẹ lé orí wọlé láìtijú. Ìyá ọmọ náà ti kú láti ìgbà tó wà ní pírámárì. Bàbá yìí nìkan ló tọ́ ọ.

Bàbá Adémúyìwá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ túfọ̀ fún un títí yóò fi kọ ìwé tó kẹ́yìn, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà. "Tó bá gbọ́ ọ báyìí, ó ti fìdí rẹmi nìyẹn. Ìdánwò yìí ni ogún tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un." Púrínsípà ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ó kọjú sí mi, ó ní ẹni tó bá sọ ọ́ nínú ilé-ìwé yìí, kó di ẹrù ẹ̀. Mo ní mo gbọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde ní gbọ̀ngàn, Tẹ́júọlá sáré wá bá mi. "Mà, Gẹ̀ẹ́sì yẹn ò le rárá. Ẹ bá mi sọ fún Dádì mi." Mo ní màá sọ fún un.

Ẹtì, 25

Òjò ńlá. Ó ṣí páànù méjì lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ JSS. N kò lè jẹun.

Àìkú, 27

Láti ọdún tí mo ti ń tọ́jú họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin, ọjọ́ Àìkú ni àwọn SS3 máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi lẹ́yìn ìsìn kí wọ́n fi fóònù mi pe ilé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Mo kà wọ́n lónìí: méjìlá ni wọ́n, Tẹ́júọlá ni ẹ̀kẹfà. Mo ń wo bí ìlà náà ṣe ń kúrú.

Ó tẹ nọ́ńbà bàbá ẹ̀, kò lọ. Mo mọ̀ pé kò lè lọ, wọ́n ti pa fóònù náà. Mo sọ ohun tí Bàbá Adémúyìwá kọ́ mi: Dádì rẹ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú kan lókè Ọya, nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ ò dáa.

"Kò sọ fún mi pé òun máa rìnrìn àjò, mà."

Mo wo ojú rẹ̀, ẹnu mi bá ṣáájú mi lọ. Mo ní, "Ó pè mí lánàá nígbà tí ẹ ń kàwé alẹ́ ní prẹ́ẹ̀pù. Ó ní kó o máa jẹun kó o tó kàwé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó gbé fóònù fún ẹni tó kàn.

Kò sẹ́ni tó rán mi ní irú iṣẹ́ yẹn. Wọ́n ní kí n pa ọ̀rọ̀ mọ́, wọn ò ní kí n gbẹnu òkú sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, 30

Tẹ́júọlá jẹ ẹ̀wà abọ́ méjì. Ó ní Dádì òun ló ní kí òun máa jẹun. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà rẹ́rìn-ín sí i. Mo kórìíra ara mi.

Àìkú, 4 oṣù Karùn-ún

Mo ti pinnu pé n kò ní fi kún un. Ó dé, kò tilẹ̀ gba fóònù, ó kàn dúró níwájú mi. "Mà, ṣé Dádì mi pè?" Físíìsì ló ń já a láyà.

Mo ní, "Ó pè. Ó ní kó o má bẹ̀rù Físíìsì. Èèyàn ẹlẹ́ran ara bíi tìẹ ló jókòó kọ ìbéèrè náà."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ọjọ́rú, 7

Ooru. Iná ò wá láti Àìkú, omi inú táǹkì ti ń lọ sísàlẹ̀. Mo pín omi ní garawa kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kùn, mo ní kí wọ́n lọ bá Púrínsípà kùn.

Mo ń ronú nípa ìyá mi ní gbogbo ọ̀sán. Mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì nígbà tó kú ní Iresi, mo ń múra ìdánwò àṣekágbá. Wọ́n ní ó lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Sakí, ẹ̀gbọ́n mi náà sì bá wọn pa irọ́ náà mọ́. Èmi náà ń kọ lẹ́tà sí i ní Sakí. Mo yege ìdánwò, mo gbé ìwé ẹ̀rí délé, mo bá ibojì tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Ọgbọ̀n ọdún nìyẹn, síbẹ̀ n kò tíì dárí ji ẹ̀gbọ́n mi. Èmi wá rèé, èmi ni mo wá di ẹ̀gbọ́n mi.

Àbámẹ́ta, 10

Ọjọ́ àyẹ̀wò àpótí. Mo gba tọ́ọ̀ṣì méjì, ẹ̀rọ ìmómigbóná kan, àti páálí bisikíìtì tí èèrà ti jẹ dé ìdajì.

Mo ṣí àpótí Tẹ́júọlá. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ bébà kan mọ́ inú ìdérí rẹ̀. Ó kọ ọ́ sókè pé "Dádì mi sọ pé", ó fa ìlà sí i nísàlẹ̀. Nọ́ńbà kìíní, kí n máa jẹun kí n tó kàwé. Nọ́ńbà kejì, kí n má bẹ̀rù Físíìsì. Ó ti kọ nọ́ńbà kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún sílẹ̀, kò sí nǹkan níwájú wọn. Ó ń dúró de èmi.

Mo pa àpótí dé, mo ní ó mọ́ tónítóní.

Àìkú, 11

Nọ́ńbà kẹta. Mo ní Dádì ní bí ìwé bá sú u, kó dìde lọ fọ aṣọ, kó tó padà dé ọpọlọ á ti fúyẹ́.

Ó wò mí títí. "Mà, ọ̀rọ̀ yìí mà jọ tiyín."

Lóòótọ́ ni, ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo wọn nìyẹn. Mo ní, "Ìgbà tí àwa méjèèjì jọ ń tọ́ ọ, ṣé ọ̀rọ̀ wa ò ní jọra ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni. Mo wọlé, mo jókòó sórí ibùsùn títí ara mi fi balẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 13

Ọ̀ràn dé. Mo lọ ra ọṣẹ lọ́jà, pósítà òkú Kọ́lájọ sì wà lára gbogbo ògiri láti gáréèjì dé iwájú ilé-ìwé wa. Àwòrán rẹ̀ tòun ti fìlà. Ẹtì, 23 oṣù yìí, ni ìsìnkú. Nísàlẹ̀ rẹ̀ wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: "Ó fi ọmọ kan ṣoṣo sáyé, Tẹ́júọlá."

Àwọn tó ní kí n di ẹnu mi ni wọ́n kọ ọ́ sára ògiri! Ọmọ tó ń ti ilé wá sí ilé-ìwé yìí lé ní igba, ọ̀nà yìí ni gbogbo wọn ń gbà láràárọ̀.

Ọjọ́rú, 14

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ ni mo gbé garawa omi àti ọ̀bẹ ìdáná jáde. Mo rẹ pósítà méje, mo ń họ wọ́n láti ẹnu géètì wa lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀kẹjọ ni mo wà lórí ẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ̀pá tó ń kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Bàbá Adémúyìwá ń bọ̀ láti àdúrà òwúrọ̀.

"Mátírọ̀nù, ìwọ lò ń họ àbúrò mi kúrò lára ògiri?"

Mo kúnlẹ̀ tòun ti ọ̀bẹ lọ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n pa á mọ́."

"Mo ní kó o pa á mọ́ fún ọmọ, n ò ní kó o pa á mọ́ fún ìlú. Ṣé kí wọ́n máa sọ pé a sin Kọ́lájọ bí ẹni tí kò lẹ́nìkan ni?" Ó wo àwòrán àbúrò rẹ̀ tí mo ti họ dé imú, ó yí ojú sẹ́yìn, ó ń lọ. Ojú tì mí. N kò rò ó rí títí di òwúrọ̀ yìí pé bàbá náà ń ṣọ̀fọ̀.

Lẹ́yìn ìdánwò ọ̀sán, mo kó àwọn SS3 tó ń ti ilé wá jọ sábẹ́ igi máńgòrò: Olúrẹ̀mí, Dámisọ́lá, Gabriel àti àwọn mẹ́rin mìíràn. Mo ń wá bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀. Gabriel, ẹni tí kò lè pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú kíláàsì, ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

"Mà, tó bá jẹ́ ti bàbá Tẹ́jú ni, a ti mọ̀ láti ọjọ́ kejì. Ilé wa ló ṣìkejì tiwọn."

"Ta lẹ sọ fún?"

"A ò sọ fún ẹnì kankan, mà. A ní roster."

Wọ́n ní láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnì kan nínú wọn máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tẹ́júọlá ní gbogbo àkókò ìsinmi, kí àwọn ọmọ kéékèèké láti ìgboro má baà lọ kí i kú ọ̀fọ̀. Olúrẹ̀mí ló ń bá a lọ síbi omi. Dámisọ́lá ti gbá ọmọ JSS1 kan létí nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì gba ìyà rẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ láìsọ ìdí. Mo sunkún níwájú wọn. Àwọn ọmọ tí mò ń pè ní aláìgbọràn láti ọdún mẹ́fà!

Àìkú, 18

N kò fẹ́ sọ nǹkan kan lónìí. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú mi, ó ti rù, ó ní, "Mà, tí mi ò bá yege ńkọ́? Owó tí Dádì mi ti ná."

Mo ní, "Ó pè mí lánàá. Ó ní ohunkóhun tó o bá gbà, ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ní ìwọ lòun bí, òun ò bí ìwé ẹ̀rí."

Ó gbé orí lé itan mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi fúnra mi ni mo ń sáré lọ pàdé ọjọ́ náà báyìí, n kò lè ṣe é mọ́.

Ajé, 19

Mo mú tàìmù-tébù ìdánwò lọ sí Ìperin. Mo fi han Bàbá Adémúyìwá pé Tẹ́júọlá máa kọ Físíìsì ní Ọjọ́bọ̀, kò sì ní ìwé mìíràn títí di Ajé tó tẹ̀lé e. Ẹtì tí wọ́n fẹ́ sìnkú ṣófo. Ó lè sin bàbá ẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ kó fi omijé kọ Kẹ́mísìrì ni?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún un. N kò tíì sọ ọ́ fún àlejò rí. Mo ní, "Bàbá, mo yege. N kò mọ apá ibi tí orí ìyá mi kọjú sí nínú ibojì, àmọ́ mo yege."

Ó ní kí wọ́n bu omi fún mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo ti gbọ́ ọ. Máa lọ. Má sọ fún un."

Ọjọ́bọ̀, 22

Mo sọ fún un.

Lẹ́yìn Físíìsì ni, aago mẹ́ta kọjá. Mo bá a lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó ń fọ aṣọ. Ọpọlọ ń fẹ́ ìsinmi, Dádì ẹ̀ sì ní kó máa fọ aṣọ. Ó ní Físíìsì náà dáa, òun ò bẹ̀rù.

Mo jókòó sórí bulọ́ọ̀kù. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà, mo fẹ́ gba ibi jẹ́jẹ́ wọ̀ ọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe. Kò jáde bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Tẹ́júọlá, Dádì rẹ ti kú. Ọ̀la ni wọ́n máa sin ín, ní Ìperin níbí."

Ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgbà wo, mà?"

"Ọjọ́ tó ṣáájú ìwé Gẹ̀ẹ́sì."

Mo rí i tó ń fi àtàǹpàkò ka ìka rẹ̀. "Àìkú mẹ́rin," ó wí. Ó wá béèrè ohun tí mo ti ń sá fún. "Mà, nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ sọ fún mi, èwo ni Dádì mi sọ?"

Irọ́ kan ṣì wà lẹ́nu mi. Ẹyọ kan péré, kó lè rí nǹkan mú lọ. Mo ní, "Kò sí ìkankan. Èmi ni."

Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Mo na ọwọ́ sí i, ó ti ọwọ́ mi dànù, ó sì fi ẹ̀yìn sí mi. Olúrẹ̀mí ti yọ ní kọ̀rọ̀, àṣé roster wọn ò tíì tán. Òun ló gbá a mọ́ra. Èmi ṣan aṣọ tó kù, mo sá a.

Ẹtì, 23

Òjò ṣú, kò rọ̀. Tẹ́júọlá ò ní aṣọ dúdú, yúnífọ́ọ̀mù ló wọ̀. Nígbà tí a dé Ìperin, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ láti ìgboro ti tò sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn nínú yúnífọ́ọ̀mù, Gabriel ló ṣáájú wọn.

Wọ́n ti ṣí pósí sí àgbàlá. Bàbá Adémúyìwá rí wa, ó dìde. "Ta ló mú u wá?"

"Èmi ni, Bàbá," mo wí, mo sì kúnlẹ̀.

Ó wo ọmọ náà, ó wò mí, ó wo ọmọ náà. Ó wá fi ọ̀pá rẹ̀ ti àwọn èèyàn sẹ́yìn. "Ẹ yà fún un. Ọmọ rẹ̀ ni."

Tẹ́júọlá tẹ̀ ba pósí, ó tún fìlà bàbá rẹ̀ dé. Wọ́n ti gẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún, ó ní òsì ló máa ń gẹ̀ ẹ́ sí. Ní ẹnu ibojì, òun ni wọ́n kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ fún. Ó dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dun èèyàn. Bàbá Adémúyìwá di apá rẹ̀ mú títí ó fi parí. Èmi dúró lẹ́yìn. Kò bojú wo ẹ̀yìn.

Àbámẹ́ta, 24

Púrínsípà fún mi ní kúẹ́rì. Kí n ṣàlàyé ìdí tí wọn ò fi ní lé mi. Mo dáhùn ní ìlà kan: ọmọ náà ní bàbá kan ṣoṣo. Mo ti ń to àwo mi sínú páálí.

Ajé, 26

Ó kọ Kẹ́mísìrì. Mo dúró lójú fèrèsé gbọ̀ngàn títí alábòójútó fi lé mi. Kò tètè bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò gbé orí sókè mọ́.

Àìkú, 1 oṣù Kẹfà

Mọ́kànlá ló tò sẹ́nu ọ̀nà mi. Tẹ́júọlá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó kọjú sí ọ̀nà. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń kúnlẹ̀, ó ń dáhùn "yes, mà." Kò sí nǹkan mìíràn. Ó dùn mí, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ sí mi.

Ìṣẹ́gun, 3

Bàbá Adémúyìwá wá rí Púrínsípà. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tó ń lọ, ó dúró létí ìdáná wa, ó ní, "Mátírọ̀nù, ó kù pósítà kan ní ẹ̀gbẹ́ géètì yín tí o họ dé ìdajì. Jọ̀ọ́, parí ẹ̀." Púrínsípà ò mẹ́nu ba kúẹ́rì mọ́, mo kó àwo mi jáde nínú páálí.

Ọjọ́bọ̀, 12

Ìwé tó kẹ́yìn. Ariwo, wọ́n ń fi omi wọ́n ara wọn. Omi tí mo pín ní garawa kọ̀ọ̀kan.

Ẹtì, 13

Wọ́n lọ lónìí. Kí ọmọ tó jáde, èmi ni mo gbọ́dọ̀ yẹ àpótí rẹ̀ wò, kó má baà kó nǹkan ilé-ìwé lọ. Mo dá fóònù padà fún àǹtí Purity. Àṣé àǹtí wà lóòótọ́.

Tẹ́júọlá ló gbẹ̀yìn, Bàbá Adémúyìwá ń dúró nínú ọkọ̀. Ó gbé àpótí lé orí tábìlì, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Bébà náà ṣì wà lára ìdérí. Ó ti fi gègé pa "Dádì mi sọ pé" rẹ́, ó sì kọ "Mátírọ̀nù sọ pé" sókè rẹ̀. Nísàlẹ̀, kò pa ìkankan rẹ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

N kò rí ojú rẹ̀ dáadáa mọ́. Mo kó ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, mo wo bàtà, mo wo ìwé, bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo wọn. Mo ní kò sí nǹkan ilé-ìwé kankan níbẹ̀. Mo bá a pa àpótí dé, mo sì bá a gbé e dé ìdí ọkọ̀.